Dígí Tó Ń Jẹ́ Fẹ̀yìntọlá

Fẹ̀yìntọlá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹfun sórí pẹpẹ iléru tuntun nígbà tí ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti kùn ún ní ìbú, ó wá ń kùn ún ní òró. Dígí tó bá yọ́ láìsí ẹfun lábẹ́ rẹ̀, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ pẹpẹ bí oje igi, ẹni tó bá sì fẹ́ yọ ọ́ yóò fọ́ àwọn méjèèjì.

"Ẹ sọ orúkọ yín," ni ilẹ̀kùn wí.

"Látúnjí, agbéérú," ni ẹni tó wà níta dáhùn. Ilẹ̀kùn gbọ́ ohùn rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, ó ṣí.

Bàbá Látúnjí ló ń ru eérú òkú gun Òkè Ìsádi láti etí omi, láti ìgbà tí òkun ti gbé àwọn ìlú ìsàlẹ̀ mì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n àpótí tó fi okùn kọ́ èjìká kì í mì rárá. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó nu ojú, ó sì wo ohun tó wà láàárín iyàrá.

"O kú iṣẹ́ o, ìyá oníléru. Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Bàbá. Òní ni yóò kọ́kọ́ jẹun."

"Ó kéré."

"Kò kéré. Pẹlẹbẹ ló jẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fẹ̀yìntọlá kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ló bá ìgbìmọ̀ ìlú jà lé lórí. Nígbà tí iléru àtijọ́ là láti orí dé ìdí, wọ́n fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti tò tán, tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú. Ó ní ìkòkò ni irú èyí wà fún. Ìkòkò máa ń dúró, ó lè gba iná láti ẹ̀gbẹ́. Dígí ń dùbúlẹ̀ ni, òkè ló sì fẹ́ kí iná ti wá, kí gbogbo ara rẹ̀ lè gbóná pọ̀. Bí etí kan bá gbóná ju àárín lọ, ó là nìyẹn. Wọ́n jiyàn títí ó fi sú wọn, wọ́n sì ní kí ó kọ́ èyí tó bá wù ú.

Ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Bíríkì fúyẹ́ ló lò, irú èyí tí ọ̀bẹ ń gé bí búrẹ́dì tó gbẹ, tí ooru kì í sì í tètè gbà kọjá. Ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú bíríkì ọmọrí, ó lọ́ wáyà bí ìrù alágẹmọ, ó tò ó sínú ojú ọ̀nà náà láti etí dé etí, ó sì fi pín-ìnnì dè é kí ó má baà já bọ́ sórí dígí nígbà tó bá pọ́n. Irin tó gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ara ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sórí òkè lọ́dún àkúnya ni wọ́n ti tú u. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ wọ inú iléru láti ẹ̀gbẹ́ bí ìka ọwọ́, òun ló ń wọn ooru.

Ohun kan péré ni kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan àpótí dúdú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ iléru náà, kò ju ìkúùkù lọ. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Bí Ẹlẹ́rìí kò bá fọwọ́ sí i, iná mànàmáná kò ní wọ wáyà.

Bàbá Látúnjí ṣí àpótí rẹ̀, ó gbé àpò eérú kan jáde, ó sì na páálí tí wọ́n so mọ́ ọrùn àpò náà sí iwájú Ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà gbogbo nìyẹn. Ní Òkè Ìsádi wọn kì í sin òkú sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ kò tó àwọn alààyè. Àárín dígí méjì ni wọ́n ń yọ́ eérú òkú sí, ògiri ìlú ni wọ́n sì ń fi dígí náà sí.

Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ló ní, ohùn jẹ́jẹ́ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Orúkọ òkú: Fẹ̀yìntọlá, ọmọ Adégbìtẹ́, ará Òkè Ìsádi. Ẹni tí yóò yọ́ ọ: Fẹ̀yìntọlá, ọmọ Adégbìtẹ́, ará Òkè Ìsádi. Ẹ kú iṣẹ́."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹfun ta sí ilẹ̀.

"Bàbá," ó wí nígbà tó yá, "orúkọ mi nìyẹn."

Bàbá Látúnjí wo páálí, ó wo ojú rẹ̀. "Ìyá oníléru ni mo mọ̀ ọ́ sí. Orúkọ lè jọra, ọmọ mi."

"Ó pe bàbá mi mọ́ ọn. Bàbá mi nìkan ni Adégbìtẹ́ tó gun òkè yìí."

Arúgbó náà jókòó sórí àga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rọra bi í pé, "Ta ló lè fi ohùn rẹ pe orúkọ rẹ?"

Fẹ̀yìntọlá kò nílò kí ó ronú. Ilẹ̀kùn kì í wo ojú, ohùn ló ń gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ni ohùn rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá wọn gan-an kì í mọ èwo lèwo. Àwẹ̀ró, àbúrò rẹ̀. Ìpè Òkun bọ́ sórí Àwẹ̀ró ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, pé kí ó wá bá àwọn ará òkun mọ odi tí yóò dá omi dúró, ibi tí àwọn tó bá lọ kì í ti í bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá mú un, ó ní òun ń lọ pọnmi. Láti ọjọ́ náà, korobá ni wọ́n rí, wọn kò rí i. Àwọn ilẹ̀kùn etí omi kì í sì í bá ti orí òkè sọ̀rọ̀, àfi bí ènìyàn bá kú. Àwẹ̀ró ti lè máa jẹ́ Fẹ̀yìntọlá níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa jẹun, kó máa sùn lábẹ́ orúkọ náà.

Fẹ̀yìntọlá tú àpò náà sínú asẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kì í ṣe Àwẹ̀ró. Eérú kúnná jọ̀. Ohun kan ṣẹ́kù sórí asẹ́, tó ń dún kẹ́kẹ́: dígí búlúù kékeré tó ti yọ́ dà bí omijé, wáyà tíntìn-tín ṣì wà lára rẹ̀. Ìgò búlúù àtijọ́ ni òun fúnra rẹ̀ fọ́ láti fi ṣe yẹtí náà fún Àwẹ̀ró, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́.

Bàbá Látúnjí rí i nígbà tí Fẹ̀yìntọlá mú un pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó yí ojú sí ibòmíràn.

"Bí mo bá sọ òótọ́ ńkọ́?" Fẹ̀yìntọlá bi í.

"Ẹni tó bá kú lórúkọ olórúkọ, omi ni wọ́n ń da eérú rẹ̀ sí. Wọn kì í sunkún rẹ̀. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́. Ìwọ náà mọ̀."

"Bí mo bá sì yọ́ ọ?"

"Bí ògiri bá ti gba dígí náà, ìwọ lo kú." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun kan wà. Dígí tó bá fọ́ nínú iléru, orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò kú. Eérú lásán ni wọ́n ń pè é, omi ló ń lọ. Iléru tuntun sì ni. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé kí ló dé."

"Iná ti wà nílẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n jọ wo àpótí dúdú náà. Wọn kò mọ bó ti gbọ́ tó.

Ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì sọ ibi tó ń lọ. Ó fín orúkọ ara rẹ̀ sí etí dígí ìsàlẹ̀ bí òfin ti wí, ó sì gbé e sórí pẹpẹ. Ó wọ́n eérú sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí eérú tó bá nípọn ń di afẹ́fẹ́ mọ́ra, á wú, á di ìfofó. Yẹtí búlúù náà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó wù ú kó fi sí àárín eérú, níbi tí ó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n dígí ìgò àti dígí ògiri kì í súnkì bákan náà bí wọ́n bá ń tutù. Wọ́n lè yọ́ pọ̀, kí wọ́n dà bí ọmọ ìyá kan náà, títí ọjọ́ kan tí ọ̀kan yóò fa èkejì ya. Ó kó yẹtí náà sápò. Ó gbé dígí kejì lé e, ó sì bo ọmọrí.

Wáyà kọ́kọ́ kùn bí oyin tó jìnnà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fún un níná, nítorí dígí tútù máa ń bẹ̀rù. Bí a bá fi ìwàǹwára mú un gbóná, á fọ́ kí ó tó mọ ohun tó dé bá a. Òórùn bíríkì tuntun gba iyàrá kan. Bàbá Látúnjí jáde lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró títí ògiri yóò fi gba òkú tó gbé wá.

Ìyá Fẹ̀yìntọlá wọlé bí oòrùn ti ń gun òkè. Ojú màmá ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà láti ilé wá sí ibi iléru.

"Wọ́n ní Látúnjí ti dé. Ta ló kú?"

Fẹ̀yìntọlá ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú yẹtí náà, ó fi sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá yí i láàárín ìka, ó fọwọ́ kan wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i. Kò pariwo. Ńṣe ló wá ibi tí yóò jókòó sí, bí ẹni tí ẹrù wúwo já lé lórí.

"Yẹtí Àwẹ̀ró kọ́ nìyí?"

"Òun ni, Màámi."

"Orúkọ wo ni wọ́n fi gbé e wá?"

"Orúkọ tèmi."

Wáyà ń kùn. Màmá kọ etí sí iléru.

"Ó ti wà nínú ibẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ọmọrí kí ó tó tó àkókò, afẹ́fẹ́ tútù á wọlé, dígí á fọ́, orúkọ mi á wà fún mi. Omi ni wọ́n á da Àwẹ̀ró sí. Màámi, ẹ sọ ohun tí n ó ṣe."

"Mi ò ní sọ." Ohùn rẹ̀ le. "Bí mo bá ní kí o yọ́ ọ, mo ti pa ọ́. Bí mo bá ní kí o ṣí i, èmi ni mo da ọmọ mi sómi. Abiyamọ wo ni wọ́n ń bi ní irú ìbéèrè yìí?"

Ó dìde, ó fọwọ́ ba ara iléru tó ti ń gbóná, ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó sì bá ọ̀nà tó bá wá lọ. Yẹtí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Fẹ̀yìntọlá wò láti ojú ihò kékeré tó dá sí ẹ̀gbẹ́ iléru. Inú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn tó pọ́n dénú. Dígí méjèèjì ti di ẹyọ kan, etí wọn ti di róbótó, ara wọn ń dán bí omi inú àwo. Eérú náà kò dúró bó ti wọ́n ọn. Ó ti kó ara rẹ̀ jọ sí apá kan, ó tẹ̀ kọrọdọ, bí ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó sì ká orúnkún mọ́ àyà. Àwẹ̀ró a máa sùn bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó há sáàárín dígí ló ń ti eérú kiri. Ó ti rí i lára àwọn mìíràn. Síbẹ̀, ó mú ojú kúrò, ó sì dín iná kù.

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ náà wá kù. Bí dígí bá ti yọ́ tán, wọn kì í jẹ́ kí ó tutù bó ṣe wù ú. Wọ́n ń mú un sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń dá a dúró níbi kan lágbede méjì, kí inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ lè bára wọn dọ́gba. Ìsinmi ni àwọn oníṣẹ́ dígí ń pè é. Dígí tí kò bá sinmi, ìjà á máa bẹ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ rẹwà lójú. Àsìkò yìí gan-an ni ṣíṣí ọmọrí lè ba nǹkan jẹ́.

Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó di ọwọ́ ọmọrí mú.

Ó ronú nípa ilé tó ń gbé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ronú nípa ilé oúnjẹ tí kò ní ṣí fún un mọ́, nípa àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré, tí wọn kò ní lè kí i, nítorí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má kí ẹni tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ó rántí Àwẹ̀ró létí omi, bó ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àjèjì ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ohùn tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì wí pé, "Fẹ̀yìntọlá ni." Bóyá ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá pe orúkọ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọrí. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti iléru tí ooru rẹ̀ ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sunkún àbúrò rẹ̀ tó, kí àkókò tí òun ṣì lè sunkún ẹnikẹ́ni tó tán.

Ọjọ́ kejì ni iléru tutù tán. Bàbá Látúnjí fi aṣọ funfun gba dígí náà. Kò sí ibi tó là, kò sí ìfofó.

"Ó dára," ó wí. Ó wo ìyá oníléru bí ẹni pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. "Iṣẹ́ rẹ dára, Fẹ̀yìntọlá." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é lórúkọ nìyẹn.

Wọ́n jọ rìn lọ sí ògiri ní ìrọ̀lẹ́. Ògiri náà yí ìlú ká, ó ń dán láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀lú àwọn òkú tó wà lára rẹ̀. Bí oòrùn bá ń wọ̀, àwọn dígí náà a máa dún, tín-ín, tín-ín, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ooru tó ń fi wọ́n sílẹ̀ ni, Fẹ̀yìntọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣọ́ra kí ó má kọjá níbẹ̀ ní irú àkókò yìí. Lónìí ó dúró ti Bàbá bó ti gbé dígí náà sí ojú àyè tó ṣófo. Ògiri gbà á bí ẹnu ọmọ ọwọ́ ti ń gba ọmú.

"Fẹ̀yìntọlá, ọmọ Adégbìtẹ́, ti dé," ni ògiri wí, ohùn kan náà tó ń bẹ nínú Ẹlẹ́rìí. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Dígí tuntun náà dún tín-ín, ó bá àwọn tó kù mu.

Bàbá Látúnjí yí padà. Ojú rẹ̀ kọjá lára Fẹ̀yìntọlá bí ojú ti ń kọjá lára òpó. Ó gbé àpótí kọ́ èjìká, ó sì wí fún afẹ́fẹ́ pé, "Bí ẹnikẹ́ni bá wà níhìn-ín, kí ó tètè lọ sílé." Omi wà lójú rẹ̀. Ó lọ.

Fẹ̀yìntọlá pàdé aládùúgbò wọn kan lójú ọ̀nà, obìnrin tó máa ń kí i títí yóò fi kọjá oríta. Obìnrin náà ti gbọ́ ohùn ògiri. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i títí ó fi kọjá.

Fẹ̀yìntọlá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.

"Ẹ sọ orúkọ yín," ni ilẹ̀kùn wí.

"Fẹ̀yìntọlá."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láàyè."

Ó gbọ́ ọ̀pá ìyá rẹ̀ nínú ilé, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, tó ń bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn kì í gbọ́ ti ọwọ́. Màmá tì í, ó fà á, kò mira. 

"Orúkọ kan ṣì wà nínú ilé yìí tí kò tíì kú," ni ìyá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ igi ilẹ̀kùn gan-an. "Ṣé o gbọ́ mi? Ẹnì kankan kò gbé dígí rẹ̀ wá rí."

"Mo gbọ́ yín, Màámi."

"Ṣùgbọ́n Ìpè wà lórí rẹ̀. Ó wà lórí rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Èmi kọ́ ni yóò sọ pé kí o mú un."

"Mo mọ̀."

Ó wẹ̀yìn wo ìlú. Iná ti ń tàn nínú àwọn ilé tí kò ní ṣí fún un. Atẹ́gùn ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó ní òórùn iyọ̀. Ó lè rìn lọ sẹ́yìn ògiri, kí ó máa gbé bí ẹni tí kò sí, kí ó máa jẹ ohun tí ẹyẹ bá jẹ kù. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó ti rí ipa ẹsẹ̀ wọn nínú eruku.

Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ sọ orúkọ yín," ni ilẹ̀kùn tún wí.

"Àwẹ̀ró," ó dáhùn, "ọmọ Adégbìtẹ́."

Ilẹ̀kùn kùn díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan jìnnà. Lẹ́yìn náà ó ṣí gbayawu, ìmọ́lẹ̀ ilé sì dà sí i lára.

"Ẹ káàbọ̀, Àwẹ̀ró," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wọlé, ẹ jẹun, ẹ sùn dáadáa. A ti ránṣẹ́ sí àwọn ará òkun pé ẹ ti dé."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i. Ó dì í mú, ó sì wọlé.